Nípa eyín javelina tí ẹ pa ní gúúsù Texas

Ẹ kú iṣẹ́ ọdẹ. Ẹ ní javelina (ẹran igbó tó jọ ẹlẹ́dẹ̀) tí ẹ pa tóbi tó àgbà, ṣùgbọ́n eyín kan ń mì lẹ́nu rẹ̀, òmíràn sì fara pamọ́ sínú ẹran ìdí eyín lápá ẹ̀yìn pátápátá, ẹ wá ń bẹ̀rù pé àìsàn ló ń ṣe é. Àìsàn kọ́. Eyín àkọ́hù rẹ̀ ló ń pààrọ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se orí ẹran yìí láti yọ egungun párì rẹ̀ pa mọ́, ohun tí mo sì rí ni pé títóbi ara máa ń tan ọdẹ jẹ nípa ọjọ́ orí ẹran. Ní nǹkan bí oṣù 10 ni javelina ti ń tóbi tó àgbà, bẹ́ẹ̀ eyín rẹ̀ kì í pé títí yóò fi súnmọ́ ọdún 2. Ti àgbọ̀nrín kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àsìkò kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń bímọ, èèyàn sì lè fi oṣù díwọ̀n ọjọ́ orí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí oṣù tí javelina kò lè bímọ, nítorí náà ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tí a lè wò.

Ẹ la ẹnu rẹ̀ kí òkú rẹ̀ tó gan, kí ẹ sì ka eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Mẹ́fà ni ti àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n ń rọ́pò eyín àkọ́hù, mẹ́ta ẹ̀yìn kì í hù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀kẹta yẹn gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ó bá gùn tí ó sì pín sí mẹ́ta, àkọ́hù ni. Bí ó bá pín sí méjì péré, ó ti pààrọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá se párì náà, ẹ ó rí i pé eyín àtijọ́ jókòó sórí tuntun bí fìlà. (Ẹ má jẹ́ kí ó hó jù o, kí eyín iwájú má baà yọ sínú omi tí ẹ fẹ́ dà nù.)

Àwọn kan máa ń sáré wo eyín ṣóńṣó rẹ̀, èyí tí ti òkè ń kọjú sísàlẹ̀ gbọnrangandan, tí kò ká sókè bíi ti ìmàdò. Èmi kì í gbé ìdájọ́ mi lé e. Nígbà tí gbogbo eyín 38 bá ti pé, ohun tó kù ni kí eyín máa gbó díẹ̀díẹ̀, yanrìn ara oúnjẹ ló sì ń mú un gbó jù. Nítorí náà, “àgbà” nìkan ni mo ń kọ sílẹ̀ fún irú ẹran bẹ́ẹ̀.

Ní ti tiyín, bí eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ karùn-ún bá ti yọ tán, tí ẹ̀kẹfà ṣì wà nínú ẹran, tí ẹ̀kẹta sì jẹ́ èyí tí ń mì, ẹran náà ti lé ní ọdún 1, kò sì tíì pé ọdún 2.