Àgbọn ń yọ̀, ọsàn ń gbẹ: omi kànga kan náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bá Àgbádárìgì ni ilẹ̀ mi wà, kò jìnnà sí òkun. Mo gbin ọmọ ọsàn àti àgbọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì ń bu omi kànga díẹ̀díẹ̀ sí wọn lálaalẹ́. Àgbọn ń dàgbà, ṣùgbọ́n ṣóńṣó ewé ọsàn rí bí ohun tí iná jó. Ṣé kí n fi ajílẹ̀ sí i?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ajílẹ̀ sí i. Iyọ̀ ni NPK, ajílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń tà nínú àpò; ẹ ó kàn máa da iyọ̀ lé iyọ̀ ni. Eérú pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kó jókòó sínú ààrò.

Kànga yín ni mo fura sí. Bí ẹnu yín ò tilẹ̀ gbọ́ iyọ̀ níbẹ̀, gbòǹgbò ọsàn lè ti gbọ́ ọ. Ẹ ti rí ìgbín tí wọ́n da iyọ̀ sí: omi ara rẹ̀ a máa sá jáde. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nílẹ̀, omi á wà lẹ́bàá gbòǹgbò, igi ò ní rí i fà. Díẹ̀ tó bá rí fà, iyọ̀ á bá a wọlé. Oòrùn á gba omi lójú ewé, iyọ̀ á ṣẹ́kù sí ṣóńṣó. Ohun tó ń jó o nìyẹn.

Àgbàlagbà igi lè rán gbòǹgbò lọ jìnnà. Ti ọmọ igi, òkè ilẹ̀ ló wà, níbi tí iyọ̀ ń kó jọ sí bí omi ṣe ń gbẹ. Àgbọn ní tirẹ̀, ọmọ etí òkun ni, oúnjẹ inú èso rẹ̀ ló sì ń jẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn igi mangrove, ìyẹn igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ omi iyọ̀ létí òkun, tilẹ̀ jù ú lọ: òmíràn ń sẹ́ iyọ̀ dànù lẹ́nu gbòǹgbò, òmíràn ń làágùn rẹ̀ títí ewé á fi funfun. Ọsàn, máńgòrò àti píà ò mọ irú ọgbọ́n yìí. Ní ilé àyẹ̀wò, dS/m ni wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú ilẹ̀; láti 4 ni wọ́n ti ń pe ilẹ̀ ní oníyọ̀. Ọsàn kì í dúró dé 2 kó tó máa ráhùn.

Ẹ jáwọ́ nínú omi díẹ̀díẹ̀ yẹn, òun ló ń kó iyọ̀ jọ. Omi òjò tí ẹ bá gbà pamọ́ ni kí ẹ dà sí i, kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè fọ iyọ̀ kọjá gbòǹgbò. Ilẹ̀ iyanrìn yín á tètè jẹ́ kó lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kó má kan igi. Ọmọ ọsàn tó bá gbẹ dé ara igi, ẹ fà á tu. Ẹ dúró de òjò kí ẹ tó gbin òmíràn, kó sì jìnnà sí òkun díẹ̀. Àgbọn ni kí ẹ fi dí àyè tó ṣófo.