Nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ibo ni estrogen tún ti ń wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 58 ni mí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún mi, wọ́n wá ní kí n máa lo letrozole, pé yóò dá ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe estrogen, họ́mọ̀nù obìnrin, lọ́wọ́ kọ́. Ṣebí nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró tipẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi ní ara wíwú ló ń fa jẹjẹrẹ, kí n kúkú máa lo aspirin.

Ìdáhùn: Ẹ kú ara líle, Màmá. Ilé ẹyin yín ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rá ara ò fẹ̀yìn tì. Inú ọ̀rá, títí kan ti ọyàn fúnra rẹ̀, ni ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ aromatase wà. Òun ló ń sọ họ́mọ̀nù mìíràn di estrogen, estrogen yìí sì ni irú jẹjẹrẹ tiyín fi ń ṣara rindin.

Ẹ̀gbọ́n yín ò kúkú parọ́. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a wú títí àwọn kan á fi kú. Àwọn ọmọ ogun ara a wá palẹ̀ òkú mọ́. Lábẹ́ maikirosikóòpù, ẹ óò rí wọn tí wọ́n tò yí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ká bí adé. Wíwú yìí kì í roni, ojú ò sì rí i. (Kì í ṣe ti ẹsẹ̀ tó fi gbá òkúta o!) Ibẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù kejì, COX-2, ti ń jí. Ó ń ṣe prostaglandin, èròjà tó ń mú ara wú, prostaglandin a sì máa ti aromatase níṣẹ́ sí i.

Aspirin ń dí irú ẹ́ńsáìmù COX yìí lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín fi dùn létí. Wọ́n ti dán an wò: àwọn tó lé ní 3,000 tí wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn wọn ni wọ́n pín sí méjì, apá kan ń lo aspirin 300 mg lójúmọ́, apá kejì ń lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Èsì tó jáde ní 2024 ni pé aspirin ò dí jẹjẹrẹ lọ́wọ́ àtipadà. Ó sì lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀.

Letrozole ò bá COX-2 dọ́gbọ́n rárá. Orí aromatase gan-an ló ń lọ jókòó lé. Ó máa ń mú kí oríkèé ro èèyàn láàárọ̀, ó sì ń jẹ egungun díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè àyẹ̀wò egungun. Bí ìrora náà bá pọ̀, ẹ sọ fún dókítà tó ń tọ́jú yín kí ẹ tó ronú àtidá a dúró. Oògùn mìíràn wà tó ń ṣiṣẹ́ kan náà tí wọ́n lè fi pààrọ̀ rẹ̀.