Bí orúnkún bá ń ké, itan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni màmá mi ti ta èlùbọ́ fún ọdún 31 kí orúnkún tó dá wọn jókòó sílé ní ọdún tó kọjá. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 68. A ní kí wọ́n máa sinmi, ibi tí wọ́n bá jókòó sí ni a sì ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn. Síbẹ̀ orúnkún kò sàn, itan wọn sì ń gbẹ. Ìró tí ó ṣe wẹ́kú fún wọn tẹ́lẹ̀ ti ń yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sì lè dìde nílé ìgbọ̀nsẹ̀ láìdi ògiri mú. Kẹ́míìsì kan ládùúgbò wa máa ń di oògùn fún wọn sínú ọ̀rá kékeré, mẹ́rin mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìrora a sì rọlẹ̀ bí wọ́n bá ti lò ó. Ojú wọn tilẹ̀ ti kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti yọ, tí àwọn ará ilé ń sọ pé ara wọn ti ń yá. Ṣé ogbó náà nìyí, àbí ohun kan wà tí a lè ṣe sí i?
Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Mo kí Màmá, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn. Kí n tó dé orí itan, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ojú tí ó kún, nítorí òun ni ó bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín.

Ẹni tí itan rẹ̀ ń gbẹ tí ojú rẹ̀ sì ń kún, ara rẹ̀ kò yá. Nínú àwọn oògùn tí wọ́n máa ń dì pọ̀ fún làkúrègbé, a sábà máa ń bá prednisolone tàbí dexamethasone, irú oògùn tí àwọn dókítà ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì. Kíákíá ni ó máa ń lé ìrora àti wíwú lọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń yìn ín. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó fún oṣù púpọ̀, ojú a di rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ a ru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a gòkè, egungun a di ẹlẹgẹ́, iṣan itan àti ti ìbàdí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí oògùn tí Màmá ń lò nítorí orúnkún wà lára ohun tí ó ń sọ ẹsẹ̀ wọn di aláìlágbára. N kò rí oògùn náà, n kò sì lè fi ẹnu lásán dá ẹjọ́. Ẹ mú ọ̀rá náà, pẹ̀lú ohun tí ó bá kù nínú rẹ̀, lọ bá dókítà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tí ó wà níbẹ̀ ní Àkúrẹ́, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ má sì gba oògùn náà lọ́wọ́ wọn lójijì, nítorí ara tí sítẹ́rọ́ìdì ti mọ́ lára lè dáṣẹ́ sílẹ̀ bí a bá já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Dókítà ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ itan. Iṣan mẹ́rin ló wà níwájú itan tí wọ́n para pọ̀ di egungun pẹlẹbẹ orí orúnkún mú. Àwọn ni wọ́n ń gbé wa dìde, àwọn náà ni wọ́n ń gba ìwúwo ara dúró nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má baà já lu oríkèé. Láti nǹkan bí ọmọ 30 ọdún ni iṣan ti ń dín kù lára wa, ní ìwọ̀n 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn 60. Bí orúnkún bá wá wú tàbí tí ó ń dun ni, ara fúnra rẹ̀ a dá àwọn iṣan yìí lẹ́kun, wọn a ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹni náà a jókòó nítorí ìrora, itan a gbẹ nítorí ìjókòó, orúnkún tí kò ní alátìlẹ́yìn mọ́ a tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ibẹ̀ gan-an ni Màmá wà báyìí. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007, ọjọ́ 10 péré ni àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le fi wà lórí ibùsùn, iṣan ẹsẹ̀ wọn sì dín kù ní nǹkan bí kílò kan. Ẹ̀yin ẹ wo ohun tí ọdún kan lè dá sílẹ̀.

Kèrékèré, ìyẹn ìbòrí rírọ̀ tí ó wà láàárín egungun orúnkún, náà nílò ìrìn. Kò ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi inú oríkèé ni ó ń bọ́ ọ, bí ẹsẹ̀ sì ti ń tẹ̀ tí ó ń tú ni omi náà ń wọlé tí ó ń jáde, bí kànìnkàìn tí a ń fún nínú omi.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọjọ́ ti lọ. Ní ọdún 1990 ni àwọn oníwádìí ní Boston kọ ọ́ pé àwọn arúgbó tí wọ́n ti tó nǹkan bí ẹni 90 ọdún fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ 8, agbára ẹsẹ̀ wọn sì ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá kan wá sọ́dọ̀ mi tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó máa ń ju ara síwájú, tí ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti itan, kí ìdí tó kúrò lórí àga. Ìrọ̀rí méjì ni mo fi sí abẹ́ rẹ̀ kí àga lè ga. Nígbà tí oṣù kẹta fi máa parí, a ti yọ ìrọ̀rí méjèèjì, ó sì ń dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ Màmá wò, bí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ fi àga tí ó le ti ògiri kí ó má baà yọ̀, kí wọ́n dìde, kí wọ́n sì rọra jókòó padà láìjá lulẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe, títí yóò fi pé ìgbà mẹ́ta, ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá tún wà lórí àga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kí wọ́n ka ení títí dé àrún kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Bí èyí bá ti rọrùn, ẹ kó omi inú ọ̀rá kan, ti 50cl tí gbogbo wa ń rà lójú pópó, sínú àpò aṣọ, kí ẹ so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ìdajì kílò ni. Ìrora díẹ̀ tí ó bá ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ kò burú, ṣùgbọ́n bí orúnkún bá wú ní ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù.

Oúnjẹ ńkọ́? Mo mọ bí wọ́n ti ń jẹun ní Àkúrẹ́, mo sì fẹ́ràn iyán bíi tiwọn, ṣùgbọ́n iyán kò lè ṣe iṣẹ́ ẹja. Ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò jẹ òkèlè pẹ̀lú ọbẹ̀ lásán, tí yóò sì kó ẹran fún ọmọ-ọmọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé jẹ tiwọn lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá wọn kílò 60 nílò pròtéènì, èròjà oúnjẹ tí ń kọ́ iṣan, gíráàmù 60 sí 72 lójúmọ́, bí dókítà kò bá ti sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ní ìṣòro. Ẹyin kan ní tó gíráàmù 6, ife ẹ̀wà sísè kan ní tó 15, ẹja tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ ní tó 20. Ẹ pín in sí àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́: ògì àárọ̀ kò gbọdọ̀ dá wá láìsí àkàrà tàbí ẹyin.

Bí orúnkún bá gbóná, tí ó pọ́n, tí ibà sì bá a wá, tàbí tí wọn kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Olùkọ́ àfẹ̀yìntì ni mí, ẹni ọdún 63, mo sì wọn kílò 104. Àwòrán ẹ̀ńjìnnì (X-ray) fi hàn pé kèrékèré orúnkún ọ̀tún mi ti jẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ fẹ́ kí n bá àwọn gun Òkè Ìdànrè ní oṣù Kejìlá. Ṣé kí n lọ, àbí kí n jókòó jẹ́jẹ́?
Tíṣà, Oǹdó.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ má jókòó jẹ́jẹ́, ẹ má sì tíì gun òkè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì fìyà jẹ orúnkún jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gígùn ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Kílò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ̀ nù máa ń gbé nǹkan bí kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wá dín kílò 10 kù, ẹ fi ojú inú wo 40. Ẹ dín òkèlè alẹ́ kù, kí ẹ máa rin ilẹ̀ títẹ́jú ní ìdajì wákàtí lójoojúmọ́, kí ẹ sì ṣe ti orí àga tí mo kọ sókè yìí. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà, kí ẹ dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹnì kan máa wo aago: bí ó bá gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, itan yín kò tíì tó gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán ẹ̀ńjìnnì kó ìpayà bá yín jù, nítorí mo ti rí ẹni tí àwòrán tirẹ̀ burú ju èyí lọ tí ó ń lọ sóko. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sún un sí ọdún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ìkúnlẹ̀ kí àgbà ni ó ń ba orúnkún àwa obìnrin jẹ́?
Ìyàwó Ilé, Ọ̀bà-Ilé.

Ìdáhùn: Ìkúnlẹ̀ ìkíni tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ kò lè bà á jẹ́. Iṣẹ́ tí a ń kúnlẹ̀ tàbí lóṣòó ṣe fún wákàtí púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá tí a bá tún ń gbé ẹrù wúwo, ni ó máa ń ṣe orúnkún léṣe. Bí tiyín bá ti ń dùn, ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí ẹ tó kúnlẹ̀, tàbí kí ẹ bẹ ìyá ọkọ yín kí wọ́n gba ìtẹ̀ba díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí tiwọn náà bá ń dùn wọ́n, wọn yóò gbà.