Ẹ̀bùn wo ni kí n fún àwọn tíṣà ọmọ mi tí kò ní kó mi sí gbèsè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ìsinmi ìparí ọdún ti dé tán, gbogbo òbí tí mo mọ̀ ló ti ń ra ẹ̀bùn fún àwọn tíṣà ọmọ wọn. Ọmọ méjì ni mo ní. Èyí àbúrò ní tíṣà kíláàsì kan àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn tíṣà tó ń kọ́ ọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́wàá. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀ rárá. Tí mo bá pín in kárí, ohun tó máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan á kéré débi pé ojú á tì mí láti gbé e fún wọn. Ṣé kí n mú àwọn kan kí n fi àwọn tó kù sílẹ̀ ni? Kí ni tíṣà tiẹ̀ máa ń fẹ́ gan-an? Ó wá ku ẹnì kan: tíṣà ìṣirò ọmọ mi àgbà máa ń le mọ́ ọn, ọmọ náà sì ti ní òun kò fún un ní nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?
Ìyá ọlọ́mọ méjì

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Mo ti jẹ́ tíṣà kíláàsì, mo sì ti jókòó sórí àga ọ̀gá ilé-ìwé, nítorí náà mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀bùn yìí lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín mú ẹ̀rù kan kúrò lọ́kàn. Àwọn olùwádìí méjì, Francis Flynn àti Gabrielle Adams, gbé ìwádìí jáde ní 2009 lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn máa ń rò pé bí ẹ̀bùn bá ṣe wọ́n tó ni inú ẹni tó gbà á á ṣe dùn tó. Àwọn tó gba ẹ̀bùn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìtìjú tó ń bá yín jà yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fúnni ló ń gbé, kì í sábà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà.

Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ fẹ́ rà. Iye tó lè kúrò nílé láìjẹ́ pé owó oúnjẹ tàbí owó ilé mì ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kó lé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń ṣe nǹkan fún àwọn ọmọ yín nílé-ìwé, tó fi mọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń gbálẹ̀ kíláàsì, ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkàwé àti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Mi ò ní kí ẹ ra nǹkan fún gbogbo wọn. Mo fẹ́ kí ẹ rí orúkọ wọn lórí ìwé kí ẹ tó pín owó ni, torí àwọn tí òbí máa ń gbàgbé wà lára àwọn tí ọmọ ń bá pàdé lójoojúmọ́.

Tó bá jẹ́ èmi, ọ̀dọ̀ tíṣà kíláàsì ọmọ kékeré àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ni mo máa darí owó náà sí, torí àwọn ló wà pẹ̀lú ọmọ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn àwọn méjèèjì dọ́gba. Mo dúró lórí èyí gidi gan-an. Olùrànlọ́wọ́ ló sábà máa ń pààrọ̀ aṣọ ọmọ tó bá tọ̀ sára, òun ló ń nu imú, òun ló ń wá bàtà tó sọnù, owó oṣù rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti tíṣà. Tí ẹ bá gbé ẹ̀bùn fún tíṣà níṣojú rẹ̀ tí ẹ sì fi òun sílẹ̀, á dùn ún, kò sì ní sọ. Àwọn tíṣà ọmọ yín àgbà ńkọ́? Ẹ má ra nǹkan kan. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ sí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn kan á kúrú ju ti àwọn mìíràn lọ. Báyìí, ẹ kò yan ẹnì kan ju ẹnì kan, ẹ kò sì jẹ gbèsè.

Mo mọ̀ pé ẹ lè máa rò ó pé lẹ́tà nìkan dà bíi pé èèyàn kò rówó. Ní 2018, Amit Kumar àti Nicholas Epley gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n ní kí àwọn èèyàn kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ẹni tó ti ṣe wọ́n lóore, wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́ àti àwọn tó gbà á bó ṣe rí lára wọn. Àwọn tó kọ ọ́ rò pé á máa ti ẹni tó gbà á lójú, pé kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́ lójú. Inú àwọn tó gbà á dùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ìtìjú tí wọ́n ń bẹ̀rù kò sì tó bí wọ́n ṣe fojú sí i. Ohun tí ojú èmi náà rí nìyẹn. Mo mọ àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ife àti báàgì tí wọ́n fún wọn ti fọ́ tàbí ti gbó, tí lẹ́tà ọmọ kíláàsì wọn ṣì wà nínú àpótí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ohun tó máa ń ba lẹ́tà jẹ́ ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo èèyàn mu. “Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ takuntakun yín, Ọlọ́run á san yín lẹ́san” dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni tíṣà ń kà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wá nǹkan kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀. Lálẹ́, tí ilé bá ti rọ̀, ẹ bi ọmọ yín léèrè. Ẹ má bi í pé “Ṣé o fẹ́ràn tíṣà rẹ?” torí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé, “Kí ni tíṣà yìí ṣe tàbí tó sọ tí o kò tíì gbàgbé?” Ẹ dákẹ́ kó ronú. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ni kí ẹ kọ. Ó lè rí báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Nígbà tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi kì í fẹ́ kàwé sókè níwájú ẹlòmíràn torí ó máa ń kólòlò. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ máa kà á fún ẹ̀yin nìkan lẹ́yìn kíláàsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ka odindi ojú ìwé kan fún bàbá rẹ̀ àgbà nílé, kò sì dúró. A mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni èyí ti wá. A dúpẹ́ púpọ̀.”

Gbólóhùn díẹ̀ péré. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí tíṣà mìíràn tí a tún lè fi í ránṣẹ́ sí.

Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ̀ ọ́n kọ, ẹ jẹ́ kó máa sọ, kí ẹ̀yin máa kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má tún un ṣe. Tó bá ní “Mo fẹ́ràn yín torí ẹ mọ bí kìnnìún ṣe ń bú,” ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kó ya àwòrán sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí ẹ̀yìn ìwé náà, torí tíṣà tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ á nílò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú láti rántí ẹni tó yà á.

Ohun kan tún wà tí òbí díẹ̀ ló ń ṣe, tí èmi gbà pé ó níye lórí ju ohunkóhun tí a rà lọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà tíṣà náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tí mo wà nípò yẹn, ẹ̀sùn ni òbí sábà máa ń gbé wá bá mi. Lẹ́tà tó bá yin tíṣà, inú fáìlì rẹ̀ ni mo máa ń fi í sí, mo sì máa ń mú un jáde nígbà tí a bá ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò tàbí tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá délẹ̀.

Ó wá ku àwọn méjì tí ẹ máa ra nǹkan fún. Ohun tí wọ́n máa lò tán ló dára jù, kì í ṣe ohun tí wọ́n á máa wá ibi gbé sí. Ilé tíṣà kún fún ife tí wọ́n kọ “Tíṣà tó dára jù lọ” sí lára. Bírò tó ń kọ̀wé geere, mákà tí wọ́n fi ń kọ ojú pátákó, ìwé àkọsílẹ̀ tó ní èèpo líle, gọ́ọ̀mù, pẹ́ńsù àwọ̀ oríṣiríṣi, irú nǹkan báyìí ni mo ń wí. Àwọn kan lè ní iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, kì í ṣe ẹ̀bùn. Mi ò gbà. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ìjọba tó jáde ní 2018 fi hàn pé nínú tíṣà 100 ní ilé-ìwé ìjọba, 94 ló ń fi owó àpò ara wọn ra ohun èlò kíláàsì láìsí ẹni tó san án padà fún wọn. Ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n ná ní ọdún ẹ̀kọ́ 2014 sí 2015 jẹ́ dọ́là 479. Ohun tí ẹ bá rà fún kíláàsì, owó tíṣà ni ẹ dá padà sí àpò rẹ̀. Tí ẹ kò bá mọ ohun tó ti tán, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùrànlọ́wọ́, òun ló mọ̀ jù.

Tí ẹ bá fẹ́ ohun tí kò jọ iṣẹ́, tí ẹ kò sì fẹ́ náwó, àwọn ewéko kan wà tó jẹ́ pé tí a bá gé ẹ̀ka wọn sínú omi, wọ́n á ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ gbìn ín sínú agolo tí ọmọ ti kùn lọ́dà. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ni o. Káàdì ẹ̀bùn náà dára, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ kéré, kó ṣáà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oríṣiríṣi nǹkan, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa kú.

Lọ́fínńdà, àbẹ́là olóòórùn àti ìpara, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, torí òórùn tó wu ẹnì kan lè fọ́ ẹlòmíràn lórí. Aṣọ àti bàtà náà, ta ló mọ ìwọ̀n wọn? Ọtí, rárá. Oúnjẹ tí a sè nílé, ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀, mi ò sì ní tako ẹni tó mọ tíṣà rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ̀pà, wàrà tàbí ẹyin lè ṣe ní jàǹbá, ẹ̀bùn tí ẹni tó gbà á ń bẹ̀rù láti jẹ kò sì ṣe é láǹfààní.

Ẹ má fún wọn lówó sínú àpòòwé. Bí ọkàn yín tilẹ̀ mọ́, ó jọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ìnira ló sì máa jẹ́ fún tíṣà tó jẹ́ olóòótọ́. Kí ẹ tó ra ohunkóhun pàápàá, ẹ béèrè ohun tí òfin ilé-ìwé sọ. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tíṣà ilé-ìwé ìjọba kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn tó tó dọ́là 50 lọ́wọ́ òbí. Ní South Korea, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016 le débi pé òbí kò gbọ́dọ̀ fún tíṣà tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ní ohunkóhun, ì báà jẹ́ ife kọfí kan. Lẹ́tà kò lòdì sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ tún yẹra fún ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń máàkì ìdánwò tàbí ìgbà tí ẹ̀yin àti tíṣà bá ní aáwọ̀ tí kò tíì tán.

Tí àwọn òbí kíláàsì àbúrò bá fẹ́ dáwó jọ, ẹ bá wọn dá ohun tí agbára yín ká. Ẹ ní kí wọ́n má dá iye lé ẹnikẹ́ni lórí, kí wọ́n má kọ iye tí oníkálukú mú wá síbì kankan, kí orúkọ gbogbo ọmọ sì wà nínú káàdì, títí kan ti ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí nǹkan dá. Tí ẹ bá ti dá nínú rẹ̀, ẹ kò tún nílò láti ra tiyín lọ́tọ̀.

Ẹ fi lẹ́tà tàbí ẹ̀bùn náà rán ọmọ fúnra rẹ̀, ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gba ìsinmi, torí ọjọ́ ìkẹyìn máa ń rí wúruwùru, nǹkan sì máa ń sọnù. Ẹ ní kó gbé e fún wọn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣáájú kíláàsì, kí àwọn ọmọ tí kò mú nǹkan wá má bàa máa wò. Tí ẹ kò bá mọ ẹ̀sìn tíṣà, “ẹ kú ìsinmi” tó láti kọ sórí rẹ̀.

Ní ti tíṣà ìṣirò, ẹ má fipá mú ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá òun nìkan ni tíṣà náà ń le mọ́ àbí gbogbo kíláàsì. Tó bá jẹ́ pé ó ń bú u, ó ń nà án tàbí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn. Ẹ lọ rí ilé-ìwé kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì gbé ẹ̀bùn kankan dání lọ síbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló le fún gbogbo wọn, kí lẹ́tà náà wá láti ọ̀dọ̀ yín, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ọmọ, kó sì sọ ohun kan tó jẹ́ òótọ́: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi sọ fún mi pé ẹ kì í gbà kí wọ́n fo ìgbésẹ̀ kankan. Mo wo ìwé rẹ̀, mo rí i pé ó ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ẹ ṣeun.” Tí ọmọ bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó fọwọ́ sí i. Tí kò bá fẹ́, orúkọ tiyín nìkan tó.