Apá ìgbẹ́rù fún katakata kékeré: ẹ má jẹ́ kó gùn jù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Oko wa wà lẹ́bàá Ìkọ̀lé-Èkìtì. A ní katakata kékeré kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ họ́ọ̀sì páwà 25. Ó wù wá kí wẹ́dà àdúgbò bá wa fi páìpù ṣe apá gígùn kan sí i lẹ́yìn, ká lè máa fi gbé gẹdú, àpò gààrí àti ẹ̀rọ Lister tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ sórí ọkọ̀. Wẹ́dà ní mítà 3 ló yẹ kó gùn, kó lè dé àárín ọkọ̀ dáadáa. Irú páìpù wo ni ká rà? Ṣé kò ní léwu?

Ìdáhùn: Ẹ kú oko o. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí ṣeé ṣe, ẹ̀yìn àwọn òṣìṣẹ́ yín á sì sinmi. Àmọ́ kí wẹ́dà má tíì gé irin kankan. Mítà 3 ti pọ̀ jù fún katakata yín. Ọ̀rọ̀ páìpù lẹ bi mí, ṣùgbọ́n gígùn lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí páìpù ṣe wù kó nípọn tó, tí apá bá ti gùn jù, katakata á ṣì dojú rẹ̀ sókè.

Ibi tí ẹ ń so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ náà lẹ máa so ó mọ́: apá méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Harry Ferguson ló gbé ìlànà yẹn jáde, ó sì tàn ká nígbà tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe katakata tó ní in ní 1939. Ìwọ̀n rẹ̀ kan náà ni káàkiri báyìí. Èyí tí katakata kékeré ń lò, tí wọ́n ń pè ní Category 1, píìnì ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 22, tòkè 19, láti píìnì ìsàlẹ̀ dé tòkè sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 46. Ẹ ṣáà fi téèpù wọ̀n tiyín kó lè dá yín lójú.

Wàyí o, ẹ bá mi ṣírò. Àpò símẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlò 50, nítorí náà àpò mẹ́rin jẹ́ 200. Ẹ gbé e kọ́ ibi tó fi mítà 1.8 jìnnà sí píìnì ìsàlẹ̀. Ẹrù ń tẹ orí apá náà wálẹ̀, orí píìnì ìsàlẹ̀ ló ti ń yí, apá òkè nìkan ló sì ń fà á padà kó má baà wó lulẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 46 péré ni apá òkè yìí sì fi ga. Ẹ sọ 200 di ìlọ́po 1.8, ẹ wá pín in sí 0.46: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 kìlò tó ń fa píìnì kan tí kò nípọn ju ọmọ ìka lọ. Katakata ò tíì rìn o. Tó bá bọ́ sí kòtò, tí ẹrù fò sókè tó sì tún já wálẹ̀, ẹ ka á sí ìlọ́po méjì. Tí apá bá wá gùn dé mítà 3, ó ti lé ní 1,300 kí katakata tó gbéra rárá.

Iwájú katakata ló tún ń bà mí lẹ́rù jù. Ká ní tiyín wọ̀n tó kìlò 1,200, tí 480 nínú rẹ̀ wà lórí táyà iwájú, tí mítà 1.8 sì wà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Ká ní píìnì ìsàlẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 90 sẹ́yìn àárín táyà ńlá. Àpò mẹ́rin yẹn lórí apá tó jẹ́ mítà 1.8 á gba 300 kìlò kúrò lórí táyà iwájú, á ku 180. Lórí apá tó jẹ́ mítà 3, á gba 433, á ku 47. Ìlànà tó wà fún wa ni pé, ó kéré tán, ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n katakata gbọ́dọ̀ dúró níwájú. Fún tiyín, 240 nìyẹn. Ní 47, ẹ kàn ń yí sítíárì lásán ni. Táyà ò di ilẹ̀ mú, òkúta kékeré kan sì tó láti gbé iwájú dìde.

Ilẹ̀ Èkìtì ò sì ràn wá lọ́wọ́ lórí èyí. Láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìkéré, òkè lójú ọ̀nà, òkè lóko. Bí katakata bá ti kọjú sókè, ẹrù ẹ̀yìn á túbọ̀ máa fà á, iwájú á sì fúyẹ́ ju iye tí a ṣírò lọ. Tó bá di dandan kí ẹ gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ fi ẹ̀yìn gun ún ní jíà tó kéré jù, kí ẹrù wà lápá òkè. Èyí tó dára jù ni kí ẹrù dúró lójú kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ọkọ̀ fi ẹ̀yìn wọlé wá bá a lábẹ́. Tí ẹ bá ń ṣe é báyìí, kí lẹ tún fẹ́ fi mítà 3 ṣe?

Mítà 1.8 ni mo máa ṣe fún yín, àmọ́ ẹrù tó máa wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí àpò mẹ́rin yẹn. Kí ẹ ra páìpù onígun mẹ́rin, mìlímítà 75 sí 75, kí ara rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 5. Ẹ mú káálípà lọ sọ́jà, ẹ fi wọ̀n ọ́n lẹ́nu ibi tí wọ́n ti gé e. Ẹ má kàn gba ohun tí ọlọ́jà bá sọ. Páìpù omi onísíńkì ò yẹ rárá. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, èéfín síńkì tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń jó o sì máa ń fa ibà fún wẹ́dà. Láti orí òpó tó dúró lóòró ní ìdí apá, tí píìnì òkè máa wọ̀, kí irin ìdìmú kan wá bá àárín apá náà. Àwọn kan máa ń fò ó láti dín owó kù, ó sì máa ń dùn mí, torí irin yẹn ló ń mú bí ìdajì ìyà kúrò lórí ìdí páìpù, níbi tó ti máa ń kọ́kọ́ tẹ̀.

Níbi tí píìnì òkè máa wọ̀, etí irin méjì ni kí wẹ́dà jó síbẹ̀, kí píìnì gba inú méjèèjì kọjá. Kí etí kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 10. Ẹ ra ojúlówó píìnì pẹ̀lú kílíìpù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gé irin ìkọ́lé fi dípò rẹ̀. Tí ẹ bá yọ irú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ díẹ̀, ẹ ó rí i pé àárín rẹ̀ ti tẹ̀, ihò etí tó rí róbótó tẹ́lẹ̀ sì ti gùn bí ẹyin.

Kí wẹ́dà ha ìpatà àti ọ̀dà kúrò, kó dá ẹnu irin ní gẹ̀rẹ́ kí iná lè wọnú, kó sì lo ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin) 7018, gééjì 10, tó gbẹ dáadáa. Èyí tí òjò tàbí ọ̀rinrin ti kàn, kó má lò ó síbi iṣẹ́ yìí. Kó má lu ihò sí òkè tàbí abẹ́ páìpù nítòsí ìdí. Ìkọ́ mẹ́ta ni kó ṣe sí i: ní mítà 0.9, 1.35 àti 1.8.

Kí ẹ tó kùn ún lọ́dà, ẹ dán an wò. Ẹ gbé ẹrù sókè díẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi kẹrosíìnì pa gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó, ẹ dúró bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wá fi ẹfun lílọ̀ kùn ún. Tó bá ti sán níbì kan, kẹrosíìnì tó wà nínú rẹ̀ á yọ jáde, ẹ ó sì rí ìlà dúdú tín-ín-rín lára ẹfun. Ibi tí ìlà bá ti yọ, kí wẹ́dà gé e kúrò kó tún un jó. Kó má wulẹ̀ da irin lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ gẹdú: gbígbé ni o, ẹ má fi apá yìí wọ́ ọ. Igi tó bá há mọ́ ilẹ̀, táyà ẹ̀yìn á máa yí, iwájú á gbéra, katakata á sì dà lé awakọ̀ lórí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé kílọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ẹ bá fẹ́ wọ́, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ so ó mọ́, níbi ìkọ́ ìfà tó rẹlẹ̀ ju àárín táyà ńlá lọ. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ẹrù tó wà lókè, torí epo inú ẹ̀rọ ìgbésókè katakata ló gbé e dúró. Okùn ni kí ẹ fi máa darí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Ti Lister yẹn, mi ò gbà kí ẹ fi katakata gbé e. Irú rẹ̀ ti àtijọ́ tó ní fíláwíìlì méjì máa ń lé ní kìlò 300. Ẹsẹ̀ irin mẹ́ta àti ṣéènì bọ́lọ́ọ̀kù tọ́ọ̀nù kan á gbé e láìsí wàhálà, kí ọkọ̀ wá wọ abẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá kùn ún, ẹ kọ iye ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀dà funfun: 200 sí èyí tó sún mọ́ katakata, 150 sí àárín, 125 sí orí. Mo ti yọ ìwọ̀n apá náà fúnra rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n katakata tí mo fi ṣírò ni mo ń bá lò o. Tí tiyín bá fúyẹ́ ju 1,200 lọ, tàbí tí ìwé rẹ̀ bá dárúkọ iye tó kéré sí èyí, iye tó kéré ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, torí ọmọ tó máa wà á lọ́dún tó ń bọ̀ lè má tíì gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ yìí.