Báwo ni mo ṣe lè fi amọ̀ mọ ààrò tí kò ní máa rú èéfín púpọ̀?

Po amọ̀ mọ́ iyanrìn àti koríko gbígbẹ tí o gé wẹ́wẹ́, kí ògiri rẹ̀ má bàa sán bó bá ń gbẹ. Gbé ìkòkò tí o ń lò jù sáàárín, kí o mọ ògiri yí i ká, kí àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 1 wà láàárín wọn. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà: bó bá fẹ̀ jù, ooru á ṣòfò, bó bá há jù, iná ò ní jó dáadáa, èéfín á pọ̀. Jẹ́ kí ẹnu ààrò kéré, kí o gbé igi lé orí irin kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa lábẹ́ òjìji kí o tó dáná sí i. Igi tútù ṣì máa rú èéfín o, ààrò yòówù kó jẹ́.