Mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó gbé e lọ sí Abùjá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì fi mọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Mo fẹ́ fi gbé ìyàwó mi àti àwọn ìbejì láti Àkúrẹ́ lọ sí Abùjá ní ìsinmi iléèwé. N kò wa ohun tó tóbi tó báyìí rí. Kí ni kí n ṣe kí n tó gbéra? (Bàbá Ìbejì, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni èmi máa kọ́kọ́ wò. Irú mọ́tò yìí kì í rìn púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó; ó lè dúró sójú kan ní gbogbo ìgbà òtútù. Ẹ́ńjìnnì á ṣì máa dún bíi tuntun, táyà á sì ti gbó síbi tó dúró sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n tẹ lẹ́tà DOT sí lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ohun tó tẹ̀ lé e ni ẹ ń wá. Bí ẹ bá rí 2317, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é nìyẹn. Bó bá ti lé lọ́dún márùn-ún, n kò ní jẹ́ kí ẹ gbé e kọjá Ọ̀wọ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bó bá ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́, ó ti parí. Ẹ wá sípíà táyà pẹ̀lú o. Púpọ̀ nínú wọn kì í ní in. Páńpù kékeré kan àti ike gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, gọ́ọ̀mù kò sì lè dí ibi tí irin bá fà ya láàárín Ìkàrẹ́ sí Kàbbà.

Ẹrù ló kàn. Ọ̀pọ̀ irú mọ́tò yìí, 3,500 kílò ni ìwé rẹ̀ gbà fún òun àti gbogbo ohun tó bá wà nínú rẹ̀. Mọ́tò nìkan, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù àti fíríìjì, lè ti gba nǹkan bí 3,000 nínú rẹ̀. Ẹ wá ṣírò: 100 lítà omi nínú táǹkì, 100 kílò nìyẹn. Ẹ ka ara yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹnẹrétọ̀, sílíńdà gáàsì, àti iṣu tí ìyá ìyàwó máa ní kí ẹ bá òun gbé fún àbúrò rẹ̀ l'Ábùjá. Ó ti kún. Ẹ di gbogbo ẹrù sí i bí ẹni tó ń lọ, kí ẹ wà á lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín gbé e sórí ìwọ̀n tírélà. Omi, ẹ má pọn ju 20 lítà lọ. Lọ́kọ́ja tí odò ńlá méjì ti pàdé, omi kò lè wọ́n yín níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹrù ni pé ọdún kan, oníbàárà kan bẹ̀ mí pé kí n bá òun rìn nínú bọ́ọ̀sì tó sọ di yàrá. Ó rọ omi kún táǹkì, ó kó jẹnẹrétọ̀ méjì sẹ́yìn. Nígbà tí a ń sọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè. Òórùn bíi ti rọ́bà tó bọ́ sínú iná gba inú mọ́tò. Ká tó dé ìsàlẹ̀, bíréèkì ti rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Gíà kejì ló yọ wá. Torí náà, gíà tí ẹ máa fi gun òkè ni kí ẹ fi sọ̀. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bíréèkì ọ́ìlì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bó bá gbóná, omi yẹn á hó, bíréèkì á sì rọ̀. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì jìnnà sí àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀ láti Ọ̀bàjànà, bíréèkì tiwọn náà ń gbóná.

Gáàsì: ẹ tì í lórí sílíńdà kí mọ́tò tó rìn, kì í ṣe lórí sítóòfù nìkan. Kí sílíńdà dúró ṣánṣán, kí ẹ fi bẹ́líìtì dè é. Ihò kan wà nísàlẹ̀ àpótí tí sílíńdà wà nínú rẹ̀. Ìyàwó yín lè rò pé eku ló lu ú, kó fi àkísà dí i. Ẹ má jẹ́ kó dí i. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ibẹ̀ ló ń gbà jáde bó bá ń jò. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú mọ́tò tàbí lábẹ́ fèrèsé nígbà tí ẹ bá ń sùn. Èéfín rẹ̀ kì í jí ènìyàn kó tó pa á.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń sún mọ́ mítà mẹ́ta. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ ọ́ síwájú ibi tí ẹ jókòó, torí wáyà iná àdúgbò wa kì í bi yín kó tó rọ̀ wálẹ̀.

Kí ẹ tó dáwọ́ lé ìrìn Abùjá, ẹ sun inú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọgbà yín. Ohunkóhun tí ẹ bá sáré wọlé lọ mú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí Ìdànrè tàbí Ìkògòsì, Sátidé sí Sọ́ńdè. Ẹnu ọ̀nà kọ́bọ́ọ̀dù tó bá ṣí fúnra rẹ̀, tí ìkòkò fò jáde, sàn kó jẹ́ ní tòsí ilé. Ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ gan-an, ẹ gbéra ní kùtùkùtù, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ fi 122 ti àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sórí fóònù yín àti ti ìyàwó yín.

Ẹ ya àwòrán nọ́ńbà táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi ná. Bó bá jẹ́ 2317 ni mo rí níbẹ̀, ẹ má tíì ra epo.